Ẹ yé fi owó ra ìgbọ̀nrìrì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí egungun CNC alumíníọ̀mù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé pákó ìrókò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn. Ó ní kí n wo ohun tí CNC òun, ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, gbẹ́. Òdòdó ló fẹ́ gbẹ́ sí i, fún ojú ilẹ̀kùn. Etí òdòdó náà rí wúruwùru bí ibi tí eku ti jẹ, òbìrípo àárín rẹ̀ sì gùn bí ẹyin. Ó ti pààrọ̀ bíìtì, abẹ tó ń gbẹ́ igi, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti ra mọ́tò tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti ń wá ẹni tí yóò bá òun yẹ software wò. Mo ní kó fi fídíò ẹ̀rọ náà hàn mí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i: gantry rẹ̀, afárá tí spindle (orí tó ń yí bíìtì) ń rìn lórí rẹ̀, gùn tó mítà kan àbọ̀, profile 2040 kan ṣoṣo, ọ̀pá alumíníọ̀mù tó jẹ́ 20 sí 40 mílímítà, ló sì fi ṣe é.

Inú bí mi, nítorí òun ni ẹnì kẹrin lọ́dún yìí. Owó tí àwọn àbúrò wa wọ̀nyí ń ná, owó òógùn ojú wọn ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yá a ni. Èmi náà ti jẹ gbèsè irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Mo gbà pé ẹ ti mọ X, Y àti Z, ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń gbà rìn, ẹ sì ti mọ ohun tí profile àti T-nut, nọ́ọ̀tì tó ń wọ slot (ojú ihò gígùn ara profile), jẹ́. Ọ̀rọ̀ egungun ẹ̀rọ nìkan ni mo bá wá.

Èkínní: gígùn tí ó ju agbára lọ

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ń fẹ́ kó gba odindi pákó MDF kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ti gbà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ní rí èsì fọ̀. Àmì ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ilé, ọnà ara àga, ojú ilẹ̀kùn tí a lè gbẹ́ ní abala abala: ẹ̀rọ tí ààyè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 600 sí 900 mílímítà yóò ṣe gbogbo rẹ̀.

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá kan lé orí òkúta méjì, tí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀, yóò tẹ̀. Ẹ sún òkúta náà jìnnà síra ní ìlọ́po méjì, ẹ fi agbára kan náà tẹ̀ ẹ́: títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì ni. Gíga ọ̀pá náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n òun ń gbè yín ni. Ọ̀pá tí kò níhò nínú, bí ó bá ga ní ìlọ́po méjì, agídí rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀, yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Profile níhò nínú, nítorí náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ẹ wá rí i pé 2040 tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ gbalaja àti 2040 tí ẹ gbé nàró kì í ṣe ẹgbẹ́ lábẹ́ ìwúwo spindle, bẹ́ẹ̀ owó kan náà lẹ rà wọ́n.

Títẹ̀ nìkan kọ́. Iwájú gantry ni spindle so rọ̀ sí, bíìtì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí igi bá ń ti bíìtì padà, ṣe ló ń lọ́ gantry bí ẹni ń lọ́ aṣọ fífọ̀ kí omi lè kán kúrò lára rẹ̀. Profile tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò lè dúró níwájú irú ìlọ́ni bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dúró ni ara tó sanra tó sì padé bí àpótí: 4080 tàbí 8080, tàbí profile méjì tí a fi pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó nípọn dè pọ̀ lẹ́yìn, bóòtù kan ní gbogbo 100 mílímítà.

Ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ nìyí: gantry mítà kan ó lé 20 sẹ̀ǹtímítà, profile 2040, mo wá so spindle 2.2 kílówáàtì tí omi ń tù mọ́ ọn, èyí tó tó nǹkan bí kílò márùn-ún. Mo ti gba owó ilẹ̀kùn méjì lọ́wọ́ oníbàárà. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni mo fẹ́ gbẹ́ yí etí rẹ̀ ká, ìlà gbígbọ̀n ló jáde. Mo ní mọ́tò ni kò lágbára, mo kúrò lórí NEMA 17, mo ra NEMA 23, ìwọ̀n mọ́tò tó tóbi jù ú lọ. Ó ń gbọ̀n. Mo ní skúrù T8 tó ń mú ẹ̀rọ rìn ni, mo ra ballscrew 1605, skúrù oníbọ́ọ̀lù. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Oníbàárà gba owó rẹ̀ padà, mo sì san igi rẹ̀. Ó tó ọdún kan kí bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ tọ́nà, iṣẹ́ gbígbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ, nítòsí wa tó bá mi dé ibi ẹ̀rọ náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa mọ́tò. Ó gbé dial gauge rẹ̀ jáde, aago kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà, ó fi orí rẹ̀ kan ẹnu spindle, ó wá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé àpótí ìrìn-àjò wọ̀n fa spindle náà títí ó fi ka kílò márùn-ún. Ọwọ́ aago sún 0.8 mílímítà. Ó ní, "Ọmọ mi, ijó ni ẹ̀rọ rẹ ń jó. Kí lo fẹ́ kí mọ́tò ṣe sí i?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn fún gbogbo ẹ̀rọ kí n tó so wáyà kan mọ́ ọn. Fún iṣẹ́ igi, mo fẹ́ kí kílò márùn-ún má fa ẹnu spindle kọjá nǹkan bí 0.15 mílímítà. Òṣùwọ̀n àpótí kò wọ́n. Ẹ ra á kí ẹ tó ra mọ́tò.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ ni iṣẹ́ yín ń fẹ́ lóòótọ́, ẹ gba Owódé Onírin, ọjà irin ní Èkó, lọ, ẹ ra páìpù irin onígun mẹ́rin fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agídí irin jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti alumíníọ̀mù: nǹkan bí 200 gigapascal sí 70. Wẹ́dà yóò jó o pọ̀, iná yóò sì fà á wọ́, nítorí náà ẹ ní láti wá bí ojú tí rail, irin tí ẹ̀rọ ń yọ̀ lórí rẹ̀, yóò jókòó lé ṣe máa tẹ́jú. Síbẹ̀, ó sàn ju alumíníọ̀mù gígùn gbọọrọ tó ń mì bí okùn aṣọ lọ.

Èkejì: profile fèrèsé

Profile fèrèsé kì í ṣe profile ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ kò nípọn ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ, kò ní slot tí T-nut lè wọ̀, skúrù tí ẹ bá sì gún sí i yóò tú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí gbígbọ̀n. Mo mọ̀ pé ó wà ní gbogbo òpópónà tí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún fèrèsé.

Ẹ̀kẹta: gígé

Ẹ má fi dísìkì tí wọ́n fi ń gé irin gé alumíníọ̀mù. Yóò dí, yóò gbóná, ó sì lè fọ́ sí yín lójú. Abẹ eléyín tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń tà á ní Ṣáínà bá yín gé e, ó dára, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé, ẹ fi skwẹ́ẹ̀ káfíńtà yẹ gbogbo ẹnu rẹ̀ wò. Ẹnu tó bá wọ́ díẹ̀ ni bóòtù yóò fà mọ́ra, tí gbogbo férémù yóò sì lọ́.

Ohun kan tí àwọn tuntun kì í gbọ́: kí profile méjì tó dojú kọ ara wọn gùn déédéé ara wọn ṣe pàtàkì ju kí ó jẹ́ 800 gẹ́lẹ́ lọ. Bí méjèèjì bá jẹ́ 799.2, kò sí wàhálà kankan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 800 tí èkejì jẹ́ 799.2, wàhálà ti dé. Ẹ dì wọ́n pọ̀, ẹ gé wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹrin: igun

Àwọn bíríkìlà wa mọ èyí ju àwa oníkọ̀ǹpútà lọ. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á wọn 3 síhìn-ín, 4 sọ́hùn-ún, wọ́n á sì rí i pé ó já sí 5. Ẹ wọn 300, 400 àti 500 mílímítà sí igun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wọn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù yín ti yẹ̀. Òbìrípo tó di ẹyin, ibí yìí ló sábà ń ti wá. Ẹ má gbára lé L-bracket, ìdè igun tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ dígírì 90. Mo fẹ́ràn kí a fi tap, irin tó ń gé ojú skúrù sínú ihò, la ihò àárín profile, kí a ti ẹ̀gbẹ́ fi bóòtù dè é, kí bracket wá jẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Igun tó pé kò ní kí férémù má lọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ gbé e lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò tẹ́jú, ẹ de bóòtù rẹ̀ pinpin, ilẹ̀ yẹn lẹ ti tẹ̀ sí ara ẹ̀rọ yín. Ẹ na okùn méjì láti igun dé igun kí wọ́n kọjá lórí ara wọn ní àárín. Kí wọ́n kan fẹ́rẹ́ ni a ń fẹ́. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, tàbí tí ọ̀kan bá tẹ èkejì mọ́lẹ̀, férémù ti lọ́. Ẹ gbé okùn ìsàlẹ̀ sókè, kí tòkè di tìsàlẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Mo ti kọ́ ẹ̀rọ kan parí láìṣe èyí. Igun rẹ̀ kan ga ju ìyókù lọ ní mílímítà méjì, rail sì ń há ní ibì kan náà lójoojúmọ́. Oṣù kan ni mo fi ń fi gíríìsì sí i.

Lórí T-nut: irú èyí tí a ń jù sínú slot láti iwájú, tó yẹ kó yí dábùú fúnra rẹ̀, kì í fìgbà gbogbo yí tán. Etí rẹ̀ nìkan ló máa ń di mú. Ọwọ́ yín yóò gbọ́ pé ó ti le, ọ̀sẹ̀ kejì ó ti tú. Fún ibi tó ń gba agbára, ẹ lo èyí tí a ń tì wọlé láti ẹnu profile. Ẹ gbọ́dọ̀ kà wọ́n kí ẹ tó dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi méjì lé e nínú slot kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ ó rántí nǹkan kan lẹ́yìn.

Ẹ má pa series, ìyẹn ìwọ̀n profile, pọ̀. T-nut ti 20 kì í ṣe ti 40, ti oníṣòwò kan sì lè má bá slot ti ẹlòmíràn mu.

Bracket tí a fi PLA, ike tí ẹ̀rọ 3D fi ń tẹ nǹkan, tẹ̀: ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí dígírì 60, ẹ sì mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń gbóná ní oṣù kẹta. Ẹ lò ó fún dídi wáyà mú.

Ooru tún ń mú alumíníọ̀mù fẹ̀. Mítà kan rẹ̀ ń gùn sí i ní nǹkan bí 0.23 mílímítà bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé e, irin ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Bí rail irin bá jókòó lórí alumíníọ̀mù gígùn, ẹ kọ́ ọ ní ìgbà tí yàrá bá wà ní ìwọ̀n ooru tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ike tó ń yí lórí V-slot, profile tí slot rẹ̀ rí bí V, dára fún ẹ̀rọ tó ń fi lésà tàbí bírò ṣiṣẹ́. Gbígbẹ́ ìrókò àti igi apá yóò jẹ ẹ́.

Èyí kan ẹ̀mí, mo sì bẹ̀ yín: àwọ̀ anodised tó wà lára profile kì í jẹ́ kí iná kọjá. Wáyà earth tí ẹ dè mọ́ ọn lásán lè má kan alumíníọ̀mù rárá. Ẹ ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ fi washer eléyín sí i, ẹ fi multimeter wọn án láti igun kan férémù dé èkejì. VFD, àpótí tó ń fún spindle níná, ń jò iná sára ẹ̀rọ, ọwọ́ yín ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀.

A gbé ẹ̀rọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wá ní Sátidé. A gé gantry rẹ̀ kù sí 900, a to profile kejì lé e lórí, a fi pẹ́lẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù mílímítà mẹ́wàá dè wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, a sì tú gbogbo igun rẹ̀ palẹ̀ ká tó tún un dè. Ṣáájú ìgbà náà, kílò márùn-ún fa ẹnu spindle rẹ̀ dé 0.9. Lẹ́yìn rẹ̀, 0.14. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó ti tú sílẹ̀ la dá padà síbẹ̀. A yí pákó ìrókò náà sí ẹ̀yìn, a gbẹ́ òdòdó kan náà sí i, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, òbìrípo rẹ̀ sì pé. Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra mọ́tò ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀.