Bí mo ṣe wá káàdì ìkíni àti owó ẹ̀bùn tó sọnù rí

Mo fi káàdì ìkíni ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí àbúrò mi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi owó ẹ̀bùn sí i. Owó ti kúrò ní àkáǹtì mi, síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí nǹkan kan gbà.

Àpótí spam nínú ímeèlì rẹ̀, ibi tí ímeèlì tí a kò fẹ́ máa ń bọ́ sí, ni a kọ́kọ́ tú, òfo ni a bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fura sí àmì ìdánudúró tí mo gbàgbé láàárín orúkọ rẹ̀ nínú àdírẹ́sì ímeèlì, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló fà á, nítorí Gmail kì í ka àmì yẹn sí. Ìgbà tí mo ṣí rìsíìtì, tí mo ka àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni mo rí i pé “gmial” ni mo kọ dípò “gmail”.

N kò ra òmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba owó náà, mo padà sí ojú ewé tí mo ti rà á, mo fagi lé líǹkì àkọ́kọ́ tí a fi ń gba owó náà, mo tún àdírẹ́sì ṣe, mo sì tún un fi ránṣẹ́. Fífagi lé e ṣe pàtàkì, torí irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí owó tó já sílẹ̀: ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ tó o ló ń bọ́ sí. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi pè mí pé, “Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i.”

Mo wá yọ àdírẹ́sì òdì náà kúrò nínú ohun tí bíráúsà mi tọ́jú, kí ó má baà tún bá mi kọ ọ́ nígbà mìíràn.