Bí mo ṣe tún coordinates ilẹ̀ tí kò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe

Ilẹ̀ kan ní Ọbàntòkò, l'Ábẹ́òkúta níbí, ló gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Pílà ààlà mẹ́rin ló ní. Mo kó bearing (igun tí ẹ̀gbẹ́ kan dojú kọ, tí a ń kà láti àríwá) àti gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú Excel, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò padà sórí pílà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ kìíní, mítà 50 lórí 124°30′, yẹ kó lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Excel gbé e lọ sí ìwọ̀ oòrùn: -48.93.

Mo tún ilẹ̀ náà wọ̀n. Gígùn rẹ̀ kò yí padà. Mo pààrọ̀ sine àti cosine, pàbó ló já sí.

Ọ̀gá mi ló ní kí n fi kalkulétọ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan péré. Ibẹ̀ ni àṣìṣe méjì ti hàn. Excel kì í ka igun ní dígírì, radian, òṣùwọ̀n igun mìíràn, ló ń lò. Lẹ́yìn náà, 124.30 ni mo tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 30 jẹ́ ìdajì dígírì: 124+30/60, ìyẹn 124.5.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí:

=50*SIN(RADIANS(124.5)), ìlà oòrùn, 41.206
=50*COS(RADIANS(124.5)), àríwá, -28.320 (gúúsù nìyẹn)

Ẹ fi wọ́n kún coordinates (nọ́ńbà ìlà oòrùn àti ti àríwá) pílà tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ óò rí ti èyí tó kàn.

Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó padà sílé, ó ku sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an! Bí tiyín kò bá tíì padà, ẹ wò ó bóyá wọ́n ka bearing kan láti òdìkejì. Dígírì 180 ni yóò fi yàtọ̀.