Bí a ṣe ń yí BIOS padà, tí a sì ń flash rẹ̀ láì pa motherboard

Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ẹ rí i pé ìdí wà tí ẹ fi fẹ́ fọwọ́ kan BIOS rẹ̀. BIOS ni ètò àkọ́kọ́ tó ń jí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Inú chip kékeré kan lórí motherboard (board) ló ń gbé, kíkọ tuntun sínú chip yẹn là ń pè ní flash. Òun ló ń dá processor, RAM àti díìsìkì mọ̀ kí Windows tó dìde. Bí board kò bá mọ processor tuntun tí ẹ rà, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá gbé àtúnṣe ààbò jáde, bí ẹ bá fẹ́ kí board àtijọ́ máa boot láti orí NVMe (díìsìkì kékeré tó yára), tàbí bí BIOS bá ti bàjẹ́ tí fáànù ń yí ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀rọ dúdú, ìdí nìyẹn. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àtúnṣe tó wá láti ilé iṣẹ́ kò le. Ẹ ka orúkọ board lára board gan-an, kì í ṣe lára páálí rẹ̀, kí ẹ sì ka revision (nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀) tó wà létí rẹ̀, torí fáìlì rev 1.0 lè má bá rev 1.1 mu. Ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ni kí ẹ ti gba fáìlì. Ẹ dà á sórí flash drive tí ẹ ti format sí FAT32, kí ẹ wá ṣe é láti inú BIOS fúnra rẹ̀, yálà Q-Flash ni wọ́n pè é níbẹ̀ tàbí EZ Flash tàbí M-Flash. Èmi kì í ṣe é láti inú Windows. Bí BitLocker, tí Windows fi ń ti díìsìkì, bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró ná, kí ẹ sì kọ recovery key rẹ̀ sínú ìwé, kó má baà ti ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ́ta.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Iná Èkó kì í dágbére kó tó lọ, bó bá sì lọ láàárín ìkọ̀wé, board lè má jí mọ́. UPS ni mo máa ń so mọ́ desktop, kódà bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, torí epo lè tán, ọmọ iṣẹ́ sì lè pa á láìmọ̀. Laptop gbọ́dọ̀ ní bátìrì tó kún, kí charger sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní UPS, kó lọ bẹ aládùúgbò tó ní inverter. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o.

BIOS tí a fúnra wa yí ni iṣẹ́ gidi. Ẹ̀rọ òde òní máa ń yẹ àmì ilé iṣẹ́ wò lára fáìlì, kì í sì í gba èyí tí a bá ti yí, nítorí náà programmer, irinṣẹ́ kékeré tó ń ka chip tó sì ń kọ ọ́, la ó lò láti kọ ọ́ tààrà sínú chip. CH341A tí kò wọ́n ni mo ń lò, pẹ̀lú clip elẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àtúnṣe fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà, máa ń ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú CH341A aláwọ̀ dúdú ń tú 5V jáde lẹ́sẹ̀ data nígbà tó yẹ kó jẹ́ 3.3V. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé e dé orí board ẹlòmíràn.

Ẹ yọ charger, ẹ yọ bátìrì ńlá, ẹ yọ bátìrì CR2032, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí iná tó kù lára board lè tán. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya orí chip, kí ẹ fẹ àwòrán náà láti ka ohun tó wà lára rẹ̀. 25Q64 jẹ́ 8MB, 25Q128 jẹ́ 16MB. Ẹ wo lẹ́tà ìparí dáadáa: W25Q64FV ń lo 3.3V, W25Q64FW ń lo 1.8V. Oní 1.8V nílò adapter tirẹ̀, 3.3V lè jó o.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Àmì róbótó kékeré kan wà ní igun chip, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kìíní. Wáyà pupa clip gbọ́dọ̀ bọ́ síbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, torí òróró àti eruku ni kì í jẹ́ kí clip dì í mú. Ẹ gbé clip lé e lórí gbọnrangandan. Bó bá ń mì, kò tíì jókòó. Mo máa ń so CH341A mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Linux orí flash drive àti ètò flashrom ni mo fi ń ka chip sínú fáìlì kan.bin:

flashrom -p ch341a_spi -r kan.bin

Bó bá parí, ẹ yọ clip kúrò pátápátá, ẹ tún un gbé lé e, kí ẹ kà á sínú meji.bin. Ẹ wá ṣe sha256sum àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá fáìlì méjì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí nọ́ńbà wọn bá yàtọ̀, ibi yòówù kó ti yàtọ̀, ẹ da méjèèjì nù kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ka ọ̀kan mọ́ ọ̀kan láì gbé clip kúrò, torí clip tó jókòó wọ́gọwọ̀gọ lè purọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí fáìlì náà wò nínú hex editor, ètò tó ń fi byte inú fáìlì hàn: bó bá kún fún FF tàbí 00 nìkan láti òkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹ kà. Fáìlì 8MB gbọ́dọ̀ jẹ́ 8,388,608 bytes gééré.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé laptop wá bá mi láti Yábàá. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe kò ka nǹkan kan síta kó tó kọ fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n serial number ẹ̀rọ ẹlòmíràn ló ń gbé jáde, key Windows tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti pòórá, bó bá sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á kú fúnra rẹ̀, torí apá tí wọ́n ń pè ní Intel ME kò pé mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá ti tẹ́lẹ̀ padà,” ló ń tẹnu mọ́. Níbo ni màá ti rí ti tẹ́lẹ̀? Serial tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀rọ nìkan ni mo rí kọ padà. Gbogbo ìyókù wà nínú chip yẹn nìkan láyé, ẹnì kan sì ti nù ún.

Torí náà, ẹ̀dà kan.bin ni kí ẹ yí, kì í ṣe fáìlì tí ẹ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò UEFITool 0.28 ni mo fi ń yí i, torí ẹ̀yà rẹ̀ tuntun tó ń jẹ́ NE wà fún wíwò, kì í ṣe fún àtúnṣe. Fún NVMe, ẹ fi module NvmExpressDxE, tó ń jẹ́ kí BIOS mọ NVMe, kún apá DXE (ibi tí àwọn driver BIOS wà), kí ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè mọ ohun tó fa wàhálà bó bá ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n fáìlì kò gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú byte kan. Bí Boot Guard, ìṣọ́ Intel tí kì í gba BIOS tí a yí, bá ti wà ní títì lórí ẹ̀rọ náà, tí ẹ sì yí apá tó ń ṣọ́, kò ní tan, kan.bin ni kí ẹ dá padà.

Ìkọ̀wé ò ní wàhálà: -w dípò -r, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀dà tí ẹ yí dípò kan.bin, kí ẹ má fọwọ́ kan tábìlì títí ẹ ó fi rí VERIFIED.

Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè pa kó tún tan fúnra rẹ̀, torí ó ń kọ́ bí RAM ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa á. Bó bá ti dìde, ẹ kọ orúkọ board, serial rẹ̀ àti ọjọ́ náà di orúkọ kan.bin, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì da èkejì sórí flash drive fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.