Bí mo ṣe fi ọjọ́ kan jẹ ìgbádùn Òṣogbo lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè mí sí Òṣogbo, iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tí mo wá débẹ̀, mo ní n kò wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n o, kó mú mi jáde.

Igbó Ọ̀ṣun la kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọ̀bọ ibẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn. Táyé mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dé orí igi. Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ọdún 2005 sì ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Àwọn ère ni kò jẹ́ kí n lè kúrò níbẹ̀. Susanne Wenger ará Austria, tí gbogbo ayé ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló fi símẹ́ǹtì àti irin mọ wọ́n. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú wọn, tẹ́lẹ̀. Mo wo iṣẹ́ rẹ̀, mo ní bíríkìlà tó kọ́ ilé tèmi ńkọ́?

Létí odò, ẹni tó ń mú wa kiri sọ ìtàn Lárooyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, fún wa: igi tí wọ́n gé wó sínú omi, Ọ̀ṣun sì figbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Títí dòní, ẹnìkan kì í pẹja níbẹ̀.

Aró yẹn gan-an la gbà lọ. Ìyá aláró kan ládùúgbò Ìyá Ìbejì ní òun kì í gba òǹwòran, ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́. Ó fún wa ní aṣọ funfun, ìyẹ́ adìyẹ àti abọ́ ẹ̀kọ láfún. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ la fẹ́ ṣe: ibi tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀kọ yà, aró kò ní mú un. Ìlà tèmi ń wọ́ kiri.

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí ìyẹ́ máa yọ̀ lọ."

A sá a sóòrùn, a lọ jẹ àmàlà, a padà wá rì í. Bí mo ṣe fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló ní! Mo rò pé ó bàjẹ́ ni, àfi bí atẹ́gùn ṣe kàn án tó bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù níṣojú wa, láti etí dé àárín. A tún rì í, a tún fẹ́ ẹ sátẹ́gùn, kó lè dúdú dáadáa. Nígbà tó gbẹ, a ha ẹ̀kọ kúrò, funfun yọ. Ẹ má wọ aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn lọ o, ẹ sì wá ìbọ̀wọ́. Tí àyè kò bá gbà yín, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀, ẹ má fi aró sílẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a kọjá ilé Àdùnní ní Ìbòkun Road, níbi tó gbé títí tó fi kú lọ́dún 2009 lẹ́ni ọdún 93. Ìta la ti wò ó.

Dídé tá a délé, Táyé ní òun ló ni aṣọ mi. Kẹ́hìndé ní irọ́ ni. Ìyá wọn ní òun tóun sanwó aró ló ni ín. A ò tíì parí ẹjọ́ yẹn tí mo fi wọkọ̀ ní Old Garage lọ́jọ́ kejì, aṣọ sì wà nínú báàgì mi.