Bí mo ṣe to Oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sójú títì

Àwòrán Oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Wọ́n fún gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, bẹ́ẹ̀ àlàfo àárín wọn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ̀. Mo ní ká jáde lọ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá la fi ṣe Oòrùn. Bí Oòrùn bá mọ báyẹn, wóró jéró kan ni Ayé, torí Ayé 109 la máa tò kó tó gba ìdábùú Oòrùn já. Wóró jéró mìíràn ni Àgùàlà, ìyẹn Venus. Ẹyọ gàrí ni Mercury àti Mars, àwúsá tí a ti pa ni Jupiter, ọmọ ayò ni Saturn, ẹ̀wà méjì ni Uranus àti Neptune. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ gígùn kan, mítà kan. Mercury bọ́ sí 9, Àgùàlà sí 17, Ayé sí 24. A dúró pẹ́ nídìí Ayé. Sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni Òṣùpá fi jìnnà sí i, ẹ̀dá kankan ò sì tíì rìn kọjá agbègbè ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo Àgùàlà láti ibẹ̀: wọ́n ní láti kọjú sí bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó rí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí ló máa ń yọ, tí kì í jìnnà sí Oòrùn. Òótọ́ làwọn àgbà sọ, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá.

Mars wà ní 36. Ibẹ̀ ni ìrìn gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan kan níbí ni?”

Mo ní lójú ọ̀run gan-an, àfọ́kù òkúta pọ̀ láàárín Mars àti Jupiter, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo wọn jọ, wọn ò tó Òṣùpá. Jupiter wà ní 123, Saturn ní 226, Uranus ní 453. Nígbà tí a dé Neptune, ní 714, agbára káká la fi ń rí bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀ Oòrùn yẹn ló ń fa Neptune mọ́ra, tí Neptune náà ń fi nǹkan bí ọdún 165 yí Oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan.

Bí títì yín ò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọmọ ayò ṣe Oòrùn, kí ẹ fi 11 pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Neptune á bọ́ sí nǹkan bí mítà 65. Mercury, Àgùàlà, Ayé àti Mars ni ẹ máa fi ṣóńṣó bírò sàmì wọn, torí kò ní sí hóró kankan tó kéré tó wọn.