Mo ti ṣí port, síbẹ̀ kámẹ́rà ò hàn láti ìta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kámẹ́rà mẹ́rin la so mọ́ ilé wa n'Íbàdàn, DVR wọn (àpótí tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀) wà lórí àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.50. Router onísíìmù 4G la ń lò. Mo ṣe port forwarding 8000 sí DVR, ìyẹn ni pé mo ní kí router darí ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà (port) 8000 wọlé láti ìta lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ilé, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà ní London ò rí nǹkan kan. Mo ti pa á rẹ́, mo tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò ṣi nǹkan kan ṣe. Ẹ má tíì fọwọ́ kan port yẹn mọ́. Ẹ wọ ojú ewé Status nínú router, kí ẹ kọ nọ́ńbà WAN IP (àdírẹ́ẹ̀sì tí router ń lò lójú ìta) sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé tẹ "what is my IP" sí Google. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, pàápàá tí ti router bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, tàbí tó bọ́ sáàárín 100.64 sí 100.127, wàhálà yín kì í ṣe ti port.

Àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò kárí ayé mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta data fi ń kó oníbàárà rẹpẹtẹ sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é, ọdún 2012 ni wọ́n sì ya 100.64 wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀yin ti ṣílẹ̀kùn ilé yín, àmọ́ mẹ́gáàdì tó wà lẹ́nu géètì ẹ̀sìtéètì ò mọ ilé tí àlejò ń bọ̀, ló bá ní kó máa padà lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n tan DMZ, tó ń darí gbogbo port sí DVR.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Ṣe ni yóò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé yín, géètì ẹ̀sìtéètì á ṣì wà ní títì. Ẹ lè bi ilé iṣẹ́ tó ń ta data fún yín bóyá wọ́n ń ta public IP (àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ tiyín nìkan). Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tan P2P (ọ̀nà tí DVR ń gbà bá fóònù sọ̀rọ̀ láìlo port forwarding) nínú DVR, kí ẹ̀gbọ́n yín ya QR code rẹ̀. DVR fúnra rẹ̀ ló máa jáde lọ bá wọn, mẹ́gáàdì kì í dá ẹni tó ń jáde dúró. Èmi o, Tailscale (ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ ẹni pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni mò ń lò, lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo so mọ́ inverter; tí iná bá lọ láìsí inverter, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ ṣọ́ data yín o! Kámẹ́rà kan tó ń lo 4 Mbps ń jẹ 1.8 GB ní wákàtí kan. Kí ẹ̀gbọ́n yín máa fi sub-stream (àwòrán tó fúyẹ́, tí kò mọ́ tó ti gidi) wò ó. Ti 512 kbps ò ju 230 MB lọ.

Ìbéèrè: Ní tèmi, nọ́ńbà méjèèjì bára mu, fáíbà ni mò ń lò l'Ékòó. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iná lọ, ó dé, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé DVR yín ti gba nọ́ńbà mìíràn nígbà tí iná dé, bóyá tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí nọ́ńbà tó ń lò tẹ́lẹ̀ báyìí. Abẹ́ DHCP (ibi tí router ti ń pín nọ́ńbà fún àwọn ẹ̀rọ) ni ẹ ó ti rí Address Reservation. Ẹ fi MAC address DVR (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀) síbẹ̀, kí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ má bàa yí mọ́. Data fóònù ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ router kì í jẹ́ kéèyàn ti inú ilé gba ìta wọlé padà.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá DVR yín wá láti ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ yí i padà lónìí. Irú ẹ̀ ni Mirai (kòkòrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì) gbà wọ inú àìmọye kámẹ́rà lọ́dún 2016.

Ìbéèrè: Tí ẹ̀gbọ́n bá ti ń wo kámẹ́rà, ìpàdé mi lórí Zoom á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìdáhùn: Upload (ọ̀nà tí data yín ń gbà jáde) ló kún. Ẹ tan QoS (ètò inú router tó ń yan ẹ̀rọ tí yóò kọ́kọ́ lo ìlà), ẹ fi upload sí bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí speed test bá fún yín, kí ẹ sì fi DVR sí ipò tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 4G, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ẹ tún un wọ̀n lálẹ́, èyí tó bá kéré ni kí ẹ lò.