Bí a ṣe fèsì nígbà tí wọ́n fẹ́ kó pósọ́fíìsì wa sínú ṣọ́ọ̀bù

Lọ́dún 2019 ni ìwé kan jáde lẹ́nu ọ̀nà pósọ́fíìsì ńlá àdúgbò wa ní gúúsù London, pé wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n sì kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì ọjà. Ẹni tó bá ti gbé London mọ ohun tí irú ibẹ̀ jẹ́ fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ibẹ̀ la ti ń gba BRP, káàdì ìwé ìgbélùú, nígbà náà. Ibẹ̀ la ti ń fi fọ́ọ̀mù páàsípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ránṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ á ti bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ. Ibẹ̀ náà làwọn àgbàlagbà wa ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn lówó gidi. Ìyá Bùnmi, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ rí ìwé náà. Wọ́n pè mí lórí fóònù: “Ọmọ mi, wá bá mi ka nǹkan tí wọ́n lẹ̀ síbí o. Wọ́n ní àwọn ń kó lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nínú nǹkan bí ẹ̀ka 11,500 tó wà káàkiri Bìrìtéènì, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àtàwọn agbaṣẹ́ṣe ló ń mójú tó èyí tó pọ̀ jù. Àwọn díẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Post Office ń fi òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ṣàkóso ni wọ́n ń pè ní Crown. Lọ́dún 2007, wọ́n kéde pé 70 nínú wọn ń lọ sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù WHSmith, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé àti ìwé ìròyìn. Ní oṣù kẹwàá 2018, wọ́n tún kéde 74 míì. Tiwa kì í ṣe WHSmith, ṣùgbọ́n ètò kan náà ni. Àlàyé wọn ni pé owó tó ń bá àwọn Crown lọ pọ̀ jù. CWU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, fárígá: wọ́n ní àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ni yóò lọ, tí wọn á fi ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré rọ́pò wọn. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, torí ẹni tó ti ń yẹ fọ́ọ̀mù wò láti ogún ọdún kò ṣeé rọ́pò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Mo jókòó, mo ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ibi tó yà mí lẹ́nu ni ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Wọn ò bi wá bóyá a fẹ́ kí wọ́n kó lọ. Ìyẹn ti parí lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ní ká sọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ni bí ibi tuntun náà ṣe rọrùn láti dé, bí èèyàn ṣe máa wọlé, àti bí inú ibẹ̀ ṣe rí. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ mo rí i pé bí gbogbo wa bá kàn kọ “a ò gbà,” wọn á kà á, wọn á fi í sílẹ̀. A fi “a ò gbà” ránṣẹ́ sí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Èsì tí à ń fún Post Office gbọ́dọ̀ dá lé ohun tí wọ́n lè yí padà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn náà kò wúlò fún wa. Ìlànà ìjọba ni pé kí 99 nínú ọgọ́rùn-ún aráàlú máa gbé láàárín máìlì 3 sí pósọ́fíìsì kan. Ní London, kò sẹ́ni tí ìyẹn lè gbà sílẹ̀. Ibi tí ìyà wà ni láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, àti láti ẹnu ilẹ̀kùn dé kaúńtà.

Nítorí náà, èmi àti Ìyá Bùnmi jọ rìn ín. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n máa ń gbára lé, èmi mú téèpù ìwọ̀n àti bírò dání. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà wúwo, fífà ni, kì í ṣe títì. Ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ọwọ́ wo ni yóò fi fà á? Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni kaúńtà máa wà, lẹ́yìn àwọn pẹpẹ káàdì ọjọ́ ìbí. Mo wọn àárín pẹpẹ méjì: kẹ̀kẹ́ Ìyá kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀ níwájú, ọ̀kan nínú wọn ní láti padà sẹ́yìn. Ìyá Bùnmi dúró sójú ibi tí wọ́n máa gbé kaúńtà sí, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, “Bí mo bá gba owó mi tán, ṣé ojú gbogbo èrò yìí ni n ó ti máa kà á?”

Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ní ibi àtijọ́, gíláàsì àti pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ ò lè rí iye tó wà lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ wọn yẹn ni mo fi ṣáájú nínú lẹ́tà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tẹ ìwé kan kí gbogbo èèyàn wá fọwọ́ sí. Mo ní kí kálukú kọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Arákùnrin kan tó ń tajà kọ pé ibẹ̀ lòun ti ń san owó ọjà òun sí báńkì nírọ̀lẹ́ látìgbà tí báńkì òun ti kúrò ládùúgbò. Ìyá ìbejì kan kọ nípa kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àwọn tí kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sọ ọ́ ní Yorùbá, a bá wọn kọ ọ́. Fífi ránṣẹ́ kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní ìkólọ náà kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn máa di èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀, wọ́n á fa àwọn pẹpẹ sẹ́yìn, kaúńtà kan á rẹlẹ̀, á sì ní ìbòjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìyá Bùnmi ní kí n tún ibi ìbòjú yẹn kà fún wọn. Wọn ò gbà láti fi kún iye kaúńtà, èyí tá a bẹ̀ wọ́n fún jù.

Ní oṣù kẹrin 2025, Post Office kéde pé Crown 108 tó ṣẹ́kù náà ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe. Lọ́dún yẹn kan náà ni WHSmith ta nǹkan bí ṣọ́ọ̀bù 480 tó ní lójú títì ọjà fún ilé iṣẹ́ olókòwò Modella Capital, tí orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wá di TGJones. Bí ìwé bá jáde ládùúgbò tiyín, ẹ bi wọ́n ní kíkọ sílẹ̀, ohun tí a ò rántí bèèrè nígbà tiwa: bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí bá tà á tàbí tì í pa, ibo ni pósọ́fíìsì yóò wà lọ́jọ́ kejì?